Káfíńtà Tó Mọ Oríkì Wa

Bàbá mi kì í gba ẹnikẹ́ni gbọ́ tí kò bá mọ ilé tí wọ́n ti bí i. Èkó ló ti jẹun, Èkó ló ti ṣiṣẹ́ ìjọba títí ó fi fẹ̀yìn tì, Bajulaiye ní Ṣómólú ló kọ́lé sí, ṣùgbọ́n bí o bá fẹ́ kó fetí sí ọ, àfi kó o kọ́kọ́ dáhùn ìbéèrè rẹ̀: "Ọmọ ibo ni ọ́? Ọmọ ta ni?" Ó ń bi ẹni tó ń ta búrẹ́dì. Ó ń bi ẹni tó wá kó gọ́tà. Ó gbà pé ẹni tó nílé, tó lọ́nà, kò lè jalè, àfi bí ẹni pé inú igbó ni wọ́n ti ń bí olè. Ọgbọ́n tirẹ̀ nìyẹn, ọgbọ́n ọ̀hún náà ló sì ṣí òrùlé kúrò lórí wa. Mo mọ̀ pé ìjì ni gbogbo ayé máa ń dá lẹ́bi. Ìjì ṣe ìwọ̀n tirẹ̀, ó bá tirẹ̀ lọ. Èèyàn ló parí iṣẹ́.

Ayé ṣọ́jà ni nígbà náà. Gbogbo nǹkan ti gbówó lórí, èyí tí kò sì gbówó lórí kò sí lọ́jà. A ń tò fún mílíìkì, a ń tò fún ọṣẹ ìfọṣọ, ṣọ́jà tó mú kòbókò dání sì ń dà wá bí ewúrẹ́. Páànù ìkọ́lé ńkọ́? Ẹni tó bá rí i rà kì í sọ fún aládùúgbò. Nínú irú ọdún bẹ́ẹ̀ ni ìjì àkọ́rọ̀ òjò já lu àdúgbò wa ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan. Ó kọ́kọ́ gbé bébà àwọn onítẹ̀wé tó yí wa ká, ó fọ́n ọn káàkiri ojú ọ̀run, àwa ọmọdé ń hó yèè, à ń fò mú un. Ibi tí a ti ń yọ̀ ni a ti gbọ́ "gbàà!" lẹ́yìn ilé wa. Nígbà tí mo máa sáré débẹ̀, òrùlé yàrá ẹ̀yìn ti wà nínú ọgbà Alhájà tó múlé gbè wá, àwọn páànù ti ká kọ́rọ́kọ́rọ́, adìẹ Alhájà méjì sì wà lábẹ́ wọn.

Yàrá ẹ̀yìn yẹn, yàrá ìyá bàbá mi ni.

Ẹsẹ̀ ti kọ ìyá àgbà kí wọ́n tó gbé e wá láti Ògbómọ̀ṣọ́. Kò fẹ́ wá. Ó ní Èkó kì í ṣe ibi tí arúgbó ń kú sí. Ohun tí bàbá mi fi tù ú nínú tó fi gbà ni pé, "Ìyá mi, abẹ́ òrùlé tí èmi ọmọ yín fọwọ́ ara mi kọ́ lẹ ó máa sùn." Ìyá àgbà gbá ọ̀rọ̀ yẹn mú bí ẹni gbá ẹ̀tọ́ rẹ̀ mú. Kò sí àlejò tó wọlé wa tí kò gbọ́ ọ: "Abẹ́ òrùlé ọmọ mi ni n ó kú sí. Èmi kì í ṣe àgàn tí yóò kú sílé onílé." Gbogbo wa la sì rí i pé ikú ọ̀hún kò jìnnà mọ́. Ó ti gbẹ. Oúnjẹ kì í wọnú rẹ̀. Lẹ́yìn ìjì, a gbé e sí pálọ̀ níwájú, níbi tí òrùlé ṣì wà, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ráhùn pé àlejò ni wọ́n ń tẹ́ ní pálọ̀, kí wọ́n dá òun padà sí yàrá òun. Òjò gidi ń bọ̀. Ikú náà ń bọ̀. Bàbá mi gbọ́dọ̀ wá káfíńtà tó ṣeé fọkàn tán kí èyíkéyìí nínú àwọn méjèèjì tó dé.

Ìyá mi ló kọ́kọ́ mú káfíńtà wá. Ọmọ Ìlàjẹ ni, ìsàlẹ̀ Bàrígà létí ọ̀sà ló ń gbé. Ó dúró ṣánṣán níwájú bàbá mi pẹ̀lú sìgá lẹ́nu, ó ní "Ẹ káàsán," ó sì ti ń gun àkàbà kí wọ́n tó dá a lóhùn. Láti òkè ló ti ń bú wa.

"Ta ló kan igi yìí? Ṣé ó lójú?"

Bàbá mi ní òun ló dúró ti àwọn tó kàn án.

"Ẹ ò dúró dáadáa. Ẹ fi ìṣó ṣahun. Ìjì kọ́ ló ṣí i, ó kàn bá a ní ṣíṣí ni."

Ojú bàbá mi pọ́n. Ìyá mi sáré bọ́ sí àárín. Ó bi ọkùnrin náà pé, "Ẹ jọ̀ọ́, ṣé a lè fọkàn tán yín?" Mo wà níbẹ̀, mo gbọ́ èsì rẹ̀. Ó sọ̀ kalẹ̀, ó tẹ sìgá rẹ̀ pa lára ògiri wa, ó ní, "Ẹ má fọkàn tán mi. Ẹ gbé àga síta, ẹ jókòó tì mí, ẹ máa wo ọwọ́ mi." Ó wá na ọwọ́ sí òrùlé iwájú tí ìjì kò fọwọ́ kàn. "Páànù àtijọ́ lèyí, ó nípọn. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tú u o. Irú rẹ̀ ò sí mọ́."

Bàbá mi bi í pé ọmọ ta ni.

"Ẹ ṣá fẹ́ káfíńtà ni? Àbí ẹ fẹ́ fẹ́ mi?"

Ó tán. Bàbá mi lé e jáde bí ẹni lé ajá. Ó ní ẹni tí kò lè dọ̀bálẹ̀ fún àgbà kò lè kan igi kó dúró. Ìyá mi kàn ń nu èérí sìgá kúrò lára ògiri.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì ni káfíńtà kejì dé fúnra rẹ̀, ó ní òun gbọ́ pé ìjì ṣí òrùlé wa. Bàbá mi ń wẹ̀ lọ́wọ́. Ìyá mi ní kó jókòó síbi àga gbọọrọ ẹnu ọ̀nà pálọ̀, ó bu omi fún un. Arẹwà ọkùnrin ni, eyín funfun, aṣọ iṣẹ́ rẹ̀ mọ́ ju aṣọ ọjọ́ ìsinmi ẹlòmíràn lọ. Ìkíni òwúrọ̀ ló sì bá lẹ́nu wa.

Nílé wa, o kò ní jẹun àárọ̀ láì jẹ́ pé o kúnlẹ̀ fún ìyá àgbà. Tí o bá ti kúnlẹ̀, yóò gbé ọwọ́ lé ọ lórí, yóò wá kì ọ́. Oríkì orílẹ̀ wa ló máa ń kọ́kọ́ kì, "ọmọ òjò tó pa ará oko tí kò pa ará ilé, ọmọ agbàlejò má bi í lórúkọ," títí lọ. Ohùn rẹ̀ yóò gbọ̀n, ara rẹ yóò bù máṣọ. Ní ìparí, yóò wá fi tìrẹ kún un, ohun tó bá mọ̀ nípa rẹ. Tèmi ni, "Ọmọ ajorí-ẹja-tán kó ní ológbò ni." Èmi ni mo jẹ orí ẹja kan báyìí nínú ìkòkò ọbẹ̀ tí mo sì purọ́ mọ́ ológbò. Bí a ò ṣe ní ológbò, irọ́ yẹn pa ìyá àgbà lẹ́rìn-ín débi pé ó sọ ọ́ di oríkì. Àwọn ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ní tiwọn. Lójoojúmọ́ ni, bí ẹ̀kọ mímu.

Káfíńtà yìí jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó ń gbọ́. Ìyá mi rí i tí ètè rẹ̀ ń mì. Ó bi í pé ṣé kò sí nǹkan. Ó ní òun ń gbàdúrà òwúrọ̀ ni. Nígbà tí a kúnlẹ̀ tán, ó dìde, ó ní òun gbàgbé téèpù ìwọnlé òun sílé, òun ń bọ̀ lọ́sàn-án. Ìyá mi ní téèpù náà ń yọ lápò rẹ̀ bó ṣe ń lọ.

Lọ́sàn-án, bàbá mi wà ní pálọ̀ pẹ̀lú ìyá rẹ̀. Ọkùnrin náà kò wọlé. Ẹnu ọ̀nà ló ti dọ̀bálẹ̀ gbalaja, àyà rẹ̀ kan sìmẹ́ǹtì, ó ní wọ́n ń sọ ọ́ lójú títì pé ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ kan kọ́lé síbí, ọmọ ìlú kan náà ni òun, òun ò sì lè kọjá láì kí i. Bàbá mi ní, "Ọmọ ta ni ọ́?" Dípò kó dáhùn, ó kì í.

Ẹ ò rí nǹkan! Ó kì í láti ìbẹ̀rẹ̀. Ọmọ òjò tó pa ará oko. Ọmọ agbàlejò má bi í lórúkọ. Ó kì í, ó ń yí ohùn padà, ó ń fi orí lu ilẹ̀. Bàbá mi, díákónì ṣọ́ọ̀ṣì, ẹni tí n ò rí eyín rẹ̀ rí bí kò bá jẹ́ pé ó ń jẹun, omi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ti tó ọdún mélòó tí ẹnikẹ́ni ti kì í? Ní ọ́fíìsì, "ọ̀gá" ni wọ́n ń pè é. Lójú títì, "Bàbá." Ìyá rẹ̀ kò kì í mọ́, àwa ọmọ-ọmọ ló kù tó ń kì. Ló bá ń mi orí, ló ń wú bí ìyẹ̀fun tí wọ́n fi ìwúkàrà sí. Káfíńtà rí i pé iná ti ràn, kò wá mọ ibi tó yẹ kó dúró, ó gbé e délẹ̀ pátápátá:

"Ọmọ ajorí-ẹja-tán kó ní ológbò ni!"

Bàbá mi mi orí. Pẹ̀lú omi lójú. Arúgbó díákónì, wọ́n ní ó jẹ orí ẹja, ó ní bẹ́ẹ̀ ni.

Mo fi ọwọ́ bo ẹnu. Ìyá mi wò mí, èmi náà wò ó. Ṣùgbọ́n ìyá àgbà lórí ẹní rẹ̀ pariwo, ó ń ṣàtẹ́wọ́: "Wọ́n ti gbé e délé! Ọ̀rọ̀ tí mo sọ lÉkòó ti dé Ògbómọ̀ṣọ́! Ẹ ò gbọ́ bí? Wọ́n ti ń fi kì wá nílé!" Ó ní kí ọkùnrin náà wá jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ òun. Ó di ọwọ́ rẹ̀ mú. Ó ní ọmọ òun ni.

Ìyá mi tẹ̀lé bàbá mi wọ yàrá, ó ní, "Dádì, ọkùnrin yìí wà níbí láàárọ̀. Ẹnu ìyá yín ló ti kọ́ ọ. Ta ló jẹ orí ẹja nílé baba yín? Ọmọbìnrin yín tó wà níta yẹn ló jẹ ẹ́, inú ìkòkò mi ló ti jẹ ẹ́!"

Bàbá mi ní, "Ìyàwó ilé ni ọ́. Ìwọ ló ń kì wá, ìwọ kọ́ lo ni wá. Kí lo mọ̀ nínú ohun tí àwọn baba ńlá mi jẹ?"

Bí ọ̀rọ̀ ṣe parí nìyẹn. Mo ti dàgbà báyìí, n ò lè máa tan òkú: kì í ṣe pé bàbá mi kò gbọ́. Ó gbọ́. Ó kàn dùn mọ́ ọn ju kó jẹ́ irọ́ lọ.

Káfíńtà wo òrùlé yíká, ó mí kanlẹ̀. Ó ní òrùlé kì í jẹ́ oríṣi méjì lórí ilé kan. Bí a bá fi tuntun ti ògbólógbòó, ìjì tó ń bọ̀ yóò gba àárín wọn wọlé. Gbogbo rẹ̀ ni ká tú. Àwọn ògbólógbòó tí a bá tú, òun mọ ibì kan lójú ọ̀nà Pedro tí wọ́n ti ń gbà wọ́n fi tuntun dípò, nítorí ẹni tó wà níbẹ̀ mọ òun. Èyí tó ti ká nínú ọgbà Alhájà, ó ní kí wọ́n fi í sílẹ̀, kò wúlò. Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó ṣú, gbogbo ilé á ti ní òrùlé kan ṣoṣo, ìyá àgbà á sì padà sí yàrá rẹ̀.

Bàbá mi bọ́ ẹ̀wù. Bàbá mi fúnra rẹ̀ ló di àkàbà mú. Àwọn ọkùnrin ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀ kan wá ràn wọ́n lọ́wọ́, wọ́n ń gba páànù lókè, wọ́n ń tò ó sínú pikọ́ọ̀pù tí ọkùnrin náà mú wá. Bí páànù kan bá ti ń sọ̀, káfíńtà á fi ìlà oríkì kan tì í lẹ́yìn, bàbá mi á gbà á, á rẹ́rìn-ín, á gbé e sọ́kọ̀. Ó ń fọwọ́ ara rẹ̀ kó ilé rẹ̀ lọ, ó sì ń sọ pé, "Rọra o, ọmọ mi, má jábọ́." Ìyá mi kò jáde wò wọ́n. Ó jókòó sí ìdí ààrò tí kò lórùlé mọ́, ó ń ṣa ìrẹsì.

Nígbà tí ọkọ̀ kún, ọkùnrin náà wọlé lọ bá ìyá àgbà. Ó gbé òòlù kan lé e lọ́wọ́. Ó ní, "Màmá, òòlù mi nìyí. Káfíńtà kì í fi òòlù rẹ̀ sílẹ̀ kó má padà wá mú un." Ìyá àgbà súre fún un títí ẹnu fi ń ro ó. Ọkọ̀ gbéra, ó yà sọ́nà Pedro, àwa ọmọdé sì sáré tẹ̀ lé e, a ń juwọ́.

Mo ṣì ń gbọ́ bí pálọ̀ wa ṣe dákẹ́ nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn. O gbójú sókè, ojú ọ̀run lo rí, pẹ̀lú igi àjà tó ta gbọnrangandan sókè. Bàbá mi gbé àga sẹ́nu ọ̀nà, ó ń wo òpin àdúgbò. Ó ní ọ̀nà Pedro lè dí. Ní ọjọ́ kejì, ó ní ó lè jẹ́ pé ṣọ́jà dá wọn dúró. Ní ọjọ́ tó tẹ̀ lé e, kò sọ nǹkan kan mọ́. Òjò ló sọ̀rọ̀.

Òjò ọ̀hún kò ṣeré. A wọ́ ìyá àgbà sí kọ̀rọ̀ pálọ̀, a ta tapólì tí a tọrọ lọ́wọ́ onítẹ̀wé kan lé orí ibùsùn rẹ̀. Omi ń kún tapólì títí yóò fi sọ̀ bí ikùn aboyún, ìyá mi á fi ìdí ìgbálẹ̀ tì í sókè, omi á da ṣọ̀ọ̀ sílẹ̀, kò sì ní pẹ́ tí á tún kún. Alhájà fi ìborùn borí wá, ó ní, "Ẹ gbé ìyá wá sọ́dọ̀ mi, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín, yàrá wà." Ìyá àgbà ní kò sóhun tó jọ ọ́. Òun kò ní kú sílé onílé. Ó gbá òòlù mọ́ àyà lábẹ́ tapólì, eyín rẹ̀ méjì tó kù ń lu ara wọn, ó ní, "Ẹni tó mọ oríkì wa kò ní jẹ́ kí òjò pa wá. Ọmọ wa ń bọ̀. Òòlù rẹ̀ rèé."

Bàbá mi jáde. Ó lọ sípàdé àwọn ọmọ ìlú, ó ṣàpèjúwe ọkùnrin náà fún wọn. Kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n. Bàbá kan níbẹ̀ ló ní irú ọkùnrin bẹ́ẹ̀ ti dọ́dọ̀ ọmọ Ìjẹ̀ṣà kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ òun, ó sì kì í dáadáa, bí ọmọ Ìjẹ̀ṣà gidi. Bàbá mi wá lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá. Wọ́n bi í pé ta ló gbé páànù sínú ọkọ̀. Ó ní òun ni. Ọlọ́pàá tó wà nídìí tábìlì ní, "Bàbá, ẹ̀yin gan-an ló yẹ ká tì mọ́lé," gbogbo wọn sì bú sẹ́rìn-ín.

Ṣómólú náà rẹ́rìn-ín. Ìyá mi ti sọ ọ̀rọ̀ orí ẹja fún Alhájà lójú ọgbà, Alhájà ò sì lè pa ohun tó dùn tó bẹ́ẹ̀ mọ́ra. Ká tó ṣẹ́jú, àwọn ọmọ ilé ìtẹ̀wé ti ń ké "Míyáù!" bí bàbá mi bá ń kọjá. "Bàbá Orí-Ẹja, ẹ kú òjò o! Ológbò ń kí yín!" Ẹni tó ń béèrè lọ́wọ́ gbogbo ayé pé ọmọ ta ni wọ́n, orúkọ tí wọ́n fún òun náà rèé. Ó ń fi agboòrùn bo ojú kọjá láàárín wọn, àní bí òjò ò tiẹ̀ rọ̀. Ká má purọ́, mo rẹ́rìn-ín nígbà kan. Ó pa èèyàn lẹ́rìn-ín.

Ohun tí kò pa mí lẹ́rìn-ín ni èyí tó tẹ̀ lé e. Ìyá mi ti fi ìgbálẹ̀ ti tapólì ní gbogbo ọjọ́, aṣọ ara rẹ̀ tutù, ọwọ́ rẹ̀ ti bó. Ìyá àgbà sì tún bẹ̀rẹ̀: ọmọ wa ń bọ̀, ẹni tó mọ oríkì wa. Ìyá mi ju ìgbálẹ̀ sílẹ̀. Kò pariwo. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ débi tí ojú wọn fi kan ara wọn.

"Màmá, ẹ gbọ́. Kò mọ oríkì kankan. Ẹnu yín ló ti kọ́ ọ. Ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà yẹn láàárọ̀, ẹ̀ ń kì àwọn ọmọ, ó ń gbọ́, ó kó o, ó wá fi tà yín lọ́sàn-án. Orí ẹja, Màmá! Ta ló jẹ orí ẹja? Ṣé baba ọkọ yín ni?"

Ìyá àgbà wò ó. Ó yí ojú sí mi, èmi tí mo jẹ orí ẹja. Mo rí i bó ṣe ń rò ó, bó ṣe ń bá a bọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, títí ó fi débẹ̀. Ìyá mi dúró kó rí i pé ó débẹ̀. Èmi fẹ́ràn ìyá mi, Ọlọ́run dẹlẹ̀ fún un, ṣùgbọ́n mo rí ojú rẹ̀ lọ́jọ́ náà, ó dùn mọ́ ọn. Ọdún pípẹ́ tí wọ́n ti ń sọ fún un pé ìyàwó ilé ni, ó gbà á padà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, lára arúgbó tí kò lè dìde.

Ìyá àgbà fa òòlù yọ lábẹ́ aṣọ. Ó ní, "Gba nǹkan yìí."

Ní ọjọ́ kejì, ìyá mi lọ sí ìsàlẹ̀ Bàrígà, kò tọrọ àyè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ó mú ọmọ Ìlàjẹ wá. Ọkùnrin náà wọlé pẹ̀lú sìgá rẹ̀, ó gbójú sókè, ó wo ojú ọ̀run láti inú pálọ̀ wa, ó wo bàbá mi, ẹ̀rín pa á débi tó fi wú ikọ́. Ó rí òòlù nílẹ̀, ó gbé e, orí rẹ̀ ń mì lórí igi. "Èyí? Èkùrọ́ ni wọ́n fi ń pa." Bàbá mi dúró bí ọmọ ilé ìwé tó pẹ́ dé.

Páànù tuntun ò sí, a ò sì lágbára rẹ̀. Ọkùnrin náà bọ́ sí ọgbà Alhájà, ó kó àwọn páànù tó ti ká, àwọn èyí tí olè pàápàá kọ̀, ó tẹ́ wọn sílẹ̀, ó ń lù wọ́n títí wọ́n fi nà díẹ̀. Yàrá ìyá àgbà nìkan ni wọ́n lè bò. Ó ní kí bàbá mi gbé àga, kó jókòó ti òun, kó máa wo ọwọ́ òun. Bàbá mi jókòó. Ó kàn án jàgajàga, àbùlẹ̀ lórí àbùlẹ̀, ṣùgbọ́n omi kò kán síbẹ̀. A gbé ìyá àgbà padà sí yàrá rẹ̀. Ó gbójú sókè, ó wo àwọn páànù wíwọ́ yẹn pẹ́. Òrùlé ọmọ rẹ̀ nìyẹn. Ohun tó ń fẹ́ ti tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì rẹ̀, ọmọ Ìlàjẹ padà wá láti wá kan èyí tó kù. Ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà yàrá, ó ń mu gààrí kó tó gòkè. Mo wọlé, mo kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn, mo gbé orí sílẹ̀ fún ọwọ́. Ọwọ́ kò dé. Mo gbójú sókè. Ìyá àgbà ń wo ẹnu ọ̀nà, ibi tí ọkùnrin náà jókòó sí. Ó ní, "Káàárọ̀." Bí ẹni kí ayálégbé.

Mo rò pé nítorí ọkùnrin yẹn ni. Ó parí iṣẹ́, ó lọ. Mo tún kúnlẹ̀ lọ́jọ́ kejì. Kò sí ẹnikẹ́ni nílẹ̀kùn. Ìyá àgbà wo ibẹ̀ síbẹ̀síbẹ̀, ó wò ó dáadáa, ó tún padà wò mí. "Káàárọ̀." Ẹ̀gbọ́n mi kúnlẹ̀: "Káàárọ̀." Mo wá di ọmọ burúkú lọ́jọ́ kan, mo gbá a lọ́wọ́ mú, mo ní, "Ìyá àgbà, orí ẹja tó wà nínú ìkòkò, ta ló jẹ ẹ́?" Ó yẹ kó rẹ́rìn-ín. Ó yẹ kó ní ológbò ni. Ó fa ọwọ́ rẹ̀ yọ, ó kọjú sí ògiri.

Abẹ́ òrùlé ọmọ rẹ̀ ló kú sí, bó ṣe wí. Ẹni kankan ò lè ní kò rí bẹ́ẹ̀. A gbé e lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́, àwọn àgbà ilé sì ní kí ọmọkùnrin rẹ̀ ki oríkì ilé kí wọ́n tó bo ilẹ̀. Bàbá mi bẹ̀rẹ̀. Ọmọ òjò tó pa ará oko. Kò lè kọjá ibẹ̀. Ó yanu, ó ń wo ojú àwọn èèyàn yíká bóyá ẹnì kan fẹ́ rẹ́rìn-ín. Ìyàwó ilé kan tó ti darúgbó ló bá a parí rẹ̀. Títí bàbá mi náà fi kú, n ò tún gbọ́ kó béèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni mọ́ pé ọmọ ta ni.

Bàrígà ni mò ń gbé báyìí. Ọmọ-ọmọ mi kan wà lọ́dọ̀ mi, onírọ́ kékeré kan, ẹnu rẹ̀ dùn ju tèmi lọ. Bó bá jí, á kúnlẹ̀ fún mi, á gbé orí sílẹ̀. Gbogbo oríkì wa wà lẹ́nu mi, láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, n ò gbàgbé ẹyọ kan. Ilẹ̀kùn wa, irin ni, mo sì ń tì í ní títì. Mo máa ń kọ́kọ́ wò ó. Lẹ́yìn náà, mo máa ń sọ fún ọmọ náà pé, "Káàárọ̀. Lọ fọ ẹnu rẹ."